Omi eléso àti omi olódòdó: ohun tó ń jáde sínú omi àti ohun tí kì í jáde

Ẹ rẹ́ lẹ́mọ́ọ̀nù kan wẹ́wẹ́, ẹ jù ú sínú omi, ẹ gbé e sínú fíríìjì. Tí ẹ bá mu ún lẹ́yìn wákàtí méjì, á dùn mọ́ yín lẹ́nu. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣeé ṣe kó korò débi pé ẹ ó fẹ́ dà á nù. Omi kan náà ni, lẹ́mọ́ọ̀nù kan náà sì ni. Ẹlòmíràn á da omi tútù sórí ìsápá gbígbẹ, á dúró títí, omi á kàn pọ́n díẹ̀díẹ̀. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ á da omi tó ń hó sórí ewé mínǹtì tútù, ewé á dúdú, omi á sì máa rùn bí omi ẹ̀fọ́ bíbọ̀. Ìlànà ṣíṣe omi eléso pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ jàra, àmọ́ orúkọ èso ni ọ̀pọ̀ wọn kàn ń tò: fi èyí, fi tọ̀hún, gbé e sínú fíríìjì. Wọn kì í sọ ìdí tí tibí fi dára tí tọ̀hún fi bàjẹ́.

Ìdí náà ni pé omi kì í kó gbogbo ohun tó wà nínú èso tàbí òdòdó jáde. Ṣíṣà ló ń ṣà á. Àwọn nǹkan kan máa ń tètè bọ́ sínú rẹ̀, àwọn kan máa ń pẹ́, àwọn kan kì í jáde rárá. Bí a ṣe gé èso, bí omi ṣe gbóná tó, bó ṣe pẹ́ tó nínú omi, gbogbo rẹ̀ kò ju ọ̀nà tí a fi ń yan èyí tí a fẹ́ kó jáde, tí a sì ń dá èyí tí a kò fẹ́ dúró.

Ohun tí ọ̀bẹ ń ṣe

Àìmọye sẹ́ẹ̀lì tí ojú lásán kò lè rí ló para pọ̀ di èso, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ògiri tirẹ̀. Inú wọn ni ṣúgà wà, ibẹ̀ ni ásíìdì tó ń fún èso ní adùn kíkan wà, ibẹ̀ náà ni fítámì C àti ọ̀pọ̀ nínú àwọ̀ èso wà. Gbogbo wọn ló ń yọ́ nínú omi, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tí ọ̀bẹ bá là nìkan ló ń tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ kíákíá. Àwọn tó wà nínú lọ́hùn-ún kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí odidi sitirọ́bẹ́rì fi lè wà nínú omi fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìfi nǹkan gidi kan sílẹ̀, tí èyí tí a rẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì ti ń pa omi láró láàárín àkókò díẹ̀.

Èso tó ti dì nínú fírísà tún yá ju èyí tí kò dì lọ. Omi inú sẹ́ẹ̀lì máa ń fẹ̀ nígbà tó bá ń di yìnyín, ẹnu yìnyín á gún ògiri sẹ́ẹ̀lì, tó bá sì yọ́ tán, ohun tó wà nínú rẹ̀ á máa ṣàn jáde fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá àwọ̀ tó jinlẹ̀ láìdúró pẹ́, èso dídì ni kó lò. Á rọ̀, kò sì ní rẹwà lójú, ṣùgbọ́n mímu la fẹ́ mu ún, àfi bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀.

Òórùn yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Òórùn ọsàn, òórùn mínǹtì, òórùn róòsì, òróró ni wọ́n, òróró fífúyẹ́ tó tètè ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Òróró ọsàn kò sí nínú omi rẹ̀ tí à ń mu, inú àpò wínníwínní tó wà lára èèpo ló wà. Ẹ fún èèpo ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná àbẹ́là, ẹ ó rí i bí òróró náà ṣe máa tan pàràpàrà nínú iná. Níwọ̀n bó sì ti jẹ́ òróró, díẹ̀ péré nínú rẹ̀ ló lè wọ inú omi. Ohun tó ń gbà wá ni pé imú kò nílò púpọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń pè ní adùn ló jẹ́ òórùn tó ń gba ẹ̀yìn ẹnu gòkè lọ sínú imú. Ẹni tó bá fẹ́ rí i dájú, kó di imú rẹ̀ mú kó tó mu omi eléso: omi lásán ni yóò mu. Kó tú imú sílẹ̀ nígbà tí omi ṣì wà lẹ́nu, èso á dé lójijì.

Kùkúḿbà ní tirẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn nígbà tó wà ní odidi. Ìgbà tí ọ̀bẹ bá wọ inú rẹ̀ ni àwọn ẹ́ńsáìmù ara rẹ̀, ìyẹn àwọn èròjà tó ń yí nǹkan padà, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n á sì ṣe òórùn tútù tí a mọ̀ mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, ẹ má gé e sílẹ̀ de ìgbà tí ẹ ó lò ó. Ẹ gé e, kó bọ́ sómi.

Ti mínǹtì fani mọ́ra jù lójú tèmi. Àpò òróró rẹ̀ wà lójú ewé níta, nítorí náà, kí ẹ gbá a lẹ́ẹ̀kan láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti tó láti là á. Bí ẹ bá rún un títí tó fi di jẹ́lẹ́, àwọ̀ ewé àti ìkorò ni ẹ ó fi kún omi yín. Nínú òróró náà ni mẹ́ńtọ́ọ̀lù wà, iṣẹ́ rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti òórùn. Ó máa ń fọwọ́ kan ohun kan lára iṣan ẹnu tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ òtútù, iṣan náà á sì ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ohun tútù ti dé, bí omi náà kò tilẹ̀ tutù tó bẹ́ẹ̀. TRPM8 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. David Julius àti Ardem Patapoutian, tí olúkúlùkù wọn lo mẹ́ńtọ́ọ̀lù láti wá a kàn ní yàrá ìwádìí tirẹ̀, ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn ní 2021. Omi tí kò sí yìnyín nínú rẹ̀ lè tutù lẹ́nu nítorí ewé mẹ́rin péré.

Ìkorò ọjọ́ kejì

Láàárín èèpo ọsàn tó ní àwọ̀ àti inú rẹ̀ tó lómi, ohun funfun kan wà tó rọ̀ bí òwú. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń wá. Nínú gíréèpù (grapefruit, irú ọsàn ńlá kan, kì í ṣe èso àjàrà), ìkorò wà nínú ohun funfun yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù, ọ̀rọ̀ náà ní ọgbọ́n díẹ̀ nínú: ohun tó wà níbẹ̀ kì í korò nígbà tí èso ṣì wà ní odidi. Bí a bá gé e ni ásíìdì á bá a pàdé, tí á sì máa yí i padà díẹ̀díẹ̀ di límóníìnì, tó korò gan-an. Ìyípadà yẹn ń gba wákàtí púpọ̀. Ẹni tó tọ́ omi wò lálẹ́ tó ní ó dùn kò parọ́, ẹni tó tọ́ ọ wò láàárọ̀ tó ní ó korò náà kò parọ́.

Ọ̀nà méjì ló wà láti bọ́ nínú rẹ̀. Èyí tó rọrùn ni pé kí ẹ yọ èso náà kúrò lẹ́yìn wákàtí méjì sí mẹ́rin, kí omi nìkan dúró. Èyí tó dára jù, tí ẹ bá fẹ́ kó sùn mọ́jú, ni pé kí ẹ fi ọ̀bẹ mímú fá èèpo aláwọ̀ nìkan ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ gé gbogbo ohun funfun kúrò, kí ẹ wá rẹ́ inú rẹ̀ sínú omi pẹ̀lú èèpo tí ẹ fá. Òórùn á wá láti ara èèpo, kíkan á wá láti inú, ohun tó ń korò á sì wà nínú garawa ìdọ̀tí. Ẹ yọ kóró rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí òun náà ń korò.

Fítámì ńkọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dàrú jù nìyí. Wọ́n ń sọ pé omi eléso kún fún fítámì, pé ó ń fọ májèlé kúrò lára, pé ó ń jo ọ̀rá, pé ó ń yí ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀ padà. Ẹ jẹ́ ká fi iye wò ó. Nínú 100 gíráàmù oje lẹ́mọ́ọ̀nù tí a fún jáde, fítámì C tó wà níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi 39 mílígíráàmù lọ. Ìwọ̀n tí ìlànà Amẹ́ríkà ní kí àgbàlagbà rí lójúmọ́ jẹ́ 75 fún obìnrin, 90 fún ọkùnrin. Bí gbogbo oje yẹn bá wọ inú ìgò yín, kò tíì pé ìlàjì ìwọ̀n ti ọkùnrin. Ẹ wá wo bí ègé lẹ́mọ́ọ̀nù mẹ́rin tó kàn léfòó sójú omi ṣe lè kéré tó. Èyí tó pọ̀ jù nínú fítámì náà ṣì wà nínú èso tí ẹ fẹ́ yọ dànù. Okùn inú èso (fáíbà), èyí tó ń mú kí ìgbẹ́ rọ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ bá omi lọ.

Ní ti májèlé, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, wọn kò sì dúró de kùkúḿbà. Ní ti ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín ló ń tọ́jú rẹ̀ láàárín pH 7.35 sí 7.45 ní ọ̀sán àti lóru (pH ni ìwọ̀n kíkan: bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni nǹkan ṣe kan tó), omi lẹ́mọ́ọ̀nù kan kò lè mì ín.

Èrè gidi tó wà níbẹ̀ kò ní ariwo púpọ̀: ó ń mú kí ẹni tí omi lásán kò bá lẹ́nu mu lè mu omi, ó sì ń gba ipò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Agolo kóólà 330 mílílítà kan ní ṣúgà tó tó 35 gíráàmù. Omi eléso kò ní ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ, àyàfi tí ẹ bá fọwọ́ ara yín bu ṣúgà sí i. Èyí ti tó láti fi ṣe é, kò nílò irọ́ láti fi gbé e ga.

Tútù tàbí gbígbóná

Ohun tútù, omi tútù. Ohun gbígbẹ tàbí ohun líle, omi gbígbóná. Ìlànà yẹn kò kùnà púpọ̀.

Omi gbígbóná ń fọ́ ògiri sẹ́ẹ̀lì, ó sì ń yára yọ́ ohun gbogbo, pẹ̀lú tánínì tó ń fún ahọ́n pọ̀. Lójú ẹsẹ̀ kan náà, ó ń lé òróró òórùn jáde pẹ̀lú ooru rẹ̀. Òórùn tó kún inú ilé nígbà tí ẹ da omi gbígbóná sórí èso tútù, inú omi ló yẹ kó wà. Omi tútù ń lọ́ra, àmọ́ ó ń fi òórùn sílẹ̀ síbi tó wà, tánínì kì í sì bá a jáde púpọ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ bo orí rẹ̀.

Atalẹ̀ fẹ́ omi gbígbóná. Òdòdó kamomáìlì gbígbẹ fẹ́ ẹ pẹ̀lú. Ìsápá, tí orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko jẹ́ Hibiscus sabdariffa, fẹ́ ẹ ju gbogbo wọn lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òdòdó ni ohun pupa tí à ń rẹ yẹn. Kì í ṣe òdòdó. Òdòdó ìsápá gan-an kì í pẹ́ rárá kó tó rẹ̀ dànù, ohun pupa náà ni èèpo (calyx) tó wà lábẹ́ rẹ̀ tó gbá a mú, tó wá nípọn tó sì lómi lẹ́yìn tí òdòdó ti lọ. Gíráàmù 10 sí lítà omi kan tó, kí omi náà hó, kó wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó fi èso tútù sí i. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kíkan rẹ̀ á bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹ má da omi tó ń hó sínú jọ́ọ̀gù gíláàsì tútù, á là.

Àwọ̀ pupa yẹn, àńtósáyánìnì ni, ó sì ń yí padà bí omi bá ṣe kan tó. Irú ohun kan náà ló wà nínú òdòdó búlúù tí wọ́n ń pè ní Clitoria ternatea. Ẹ rẹ òdòdó gbígbẹ rẹ̀ sínú omi gbígbóná, omi á búlúù. Ẹ kán lẹ́mọ́ọ̀nù sí i, á di àwọ̀ àlùkò lójú yín. Àwọn ọmọdé máa ń fẹ́ràn rẹ̀, kò sì sí idán kankan níbẹ̀, ásíìdì ló fọwọ́ kàn án. Adùn òdòdó yìí ò tó nǹkan, àwọ̀ rẹ̀ nìkan là ń rà.

Òdòdó kì í ṣe èso

Èso tí a mọ̀ pé à ń jẹ, a lè rẹ ẹ́. Òdòdó kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú òdòdó tó rẹwà jù tó sì ń ta sánsán ló lè pa ènìyàn, omi sì wà lára ohun tó máa ń gbé májèlé wọn jáde. Èyí tí wọ́n ń pè ní lily of the valley, Convallaria majalis, lágbára débi pé omi inú ìkòkò tí wọ́n ki í bọ̀ láti fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ pàápàá jẹ́ májèlé. Nerium oleander, tó ń so òdòdó aláwọ̀ osùn, funfun tàbí pupa, ń ba lílù ọkàn jẹ́, láti ewé dé òdòdó. Ọmọ ìyá rẹ̀ olómi-ojò, pẹ̀lú òdòdó ìyeyè rẹ̀, kò sàn jù ú lọ. Àwọn ewéko ìdílé Datura, tí òdòdó wọn gùn bíi fèrè tó sì ń rùn dídùn lálẹ́, ní àtíròpíìnì àti sìkópóláámíìnì nínú, èyí tó ń da orí rú tó sì ń pa. Síse kì í mú un kúrò.

Orúkọ pẹ̀lú ń tan ènìyàn jẹ. Jásímíìnì tí à ń fi sínú omi ni Jasminum sambac tàbí Jasminum officinale. Èyí tí wọ́n ń pè ní jásímíìnì ìyeyè ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Gelsemium sempervirens, kì í ṣe ìdílé kan náà rárá, májèlé paraku sì ni. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń da orúkọ Látìn bò yín. Ẹni tí kò bá lè sọ orúkọ yẹn nípa òdòdó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi í sínú omi mímu, ká tilẹ̀ ní ẹ̀rọ ayélujára ti sọ pé ó dára.

Bí orúkọ bá ti dájú, ó ku ibi tó ti wá. Róòsì tí wọ́n ń tà fún ìfẹ́ àti ayẹyẹ, wọ́n gbìn ín fún ojú ni. Wọ́n lè ti fín oògùn kòkòrò tí a kò gbà láyè lórí oúnjẹ sí i, fífọ̀ sì lè máà mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í rùn: nígbà tí wọ́n ń ṣà wọ́n kó lè gùn, kó lè le, kó lè pẹ́ nínú omi, òórùn sọnù lọ́nà. Èyí tó wà létí títì, èéfín ọkọ̀ ti bà á. Òdòdó tí ẹ gbìn fúnra yín láìfín nǹkan sí i, tàbí èyí tí wọ́n tà gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ, ni kí ẹ lò.

Fún róòsì, Rosa damascena àti Rosa centifolia ni ìlúmọ̀ọ́ká. Ẹ já a láàárọ̀ nígbà tí ìrì ti gbẹ tí oòrùn kò tíì mú. Ẹ tú awẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ gé ìdí funfun ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrò nítorí ó korò, ẹ gbọ̀n ọ́n kí kòkòrò bọ́, ẹ fi omi tútù ṣàn án. Ẹ̀kúnwọ́ méjì sí lítà omi tútù kan, ẹ bò ó, kó wà nínú fíríìjì fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́jọ, kí ẹ sẹ́ ẹ. Adùn rẹ̀ á fúyẹ́. Ẹni tó bá ń retí òórùn lọ́fínńdà kò ní rí i.

Jásímíìnì sambac, ìrọ̀lẹ́ ló ń là. Ẹ já a nígbà tí ẹnu rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí, ẹ tẹ́ ẹ sójú omi kó máa léfòó, ẹ dé e, ẹ sì kó o kúrò láàárọ̀. Láfẹ́ńdà fẹ́ ìkóra-ẹni-níjàánu: ṣíbí tíì kan sí lítà kan ti tó. Bó bá lé díẹ̀, ọṣẹ ni ẹ ó máa mu. Mi ò tíì rí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tó pọ̀.

Wàyí o, omi róòsì inú ìgò tí wọ́n ń tà kì í ṣe ohun tí a ń sọ yìí. Wọ́n máa ń se òdòdó nínú ìkòkò tí a dé pinpin, ooru omi (steam) rẹ̀ á gba inú ọ̀pá kan kọjá, á tutù, á sì padà di omi. Nítorí pé ooru omi ló gbé òórùn lọ, ó lágbára, kò ní àwọ̀, kò sì ní tánínì. Kazanlak ní Bọ̀gáríà àti Kashan ní Ìránì lókìkí fún irú iṣẹ́ yìí. Ìdajì ṣíbí tíì nínú rẹ̀ á ṣe iṣẹ́ fún lítà omi kan. Ẹ wo ara ìgò dáadáa, nítorí èyí tí wọ́n ṣe fún ojú àti awọ ara lè ní ohun mìíràn tí kò yẹ kó wọ ikùn.

Kòkòrò àìfojúrí fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú

Omi tí èso gígé wà nínú rẹ̀ kì í ṣe omi lásán mọ́. Oúnjẹ ni. Ní 2011, bàrà aládùn (cantaloupe) tí kòkòrò Listeria bá wọ ọjà pa ènìyàn tó lé ní 30 ní Amẹ́ríkà. Kòkòrò irú èyí lè wà lára èèpo níta, ọ̀bẹ á sì gbé e wọ inú. Nítorí náà, ẹ fọ èso lábẹ́ omi tó ń ṣàn kí ẹ tó gé e, bí ẹ kò tilẹ̀ ní jẹ èèpo rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ èyí tí ara rẹ̀ le. Ẹ má lo ọṣẹ, nítorí ara èso máa ń fà á mu.

Bí omi yín kì í bá ṣe èyí tó ṣeé mu láìsè, ẹ kọ́kọ́ sè é kó hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú kan, tàbí mẹ́ta fún ẹni tó ń gbé ibi tó ga ju 2,000 mítà lọ, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù. Fífún lẹ́mọ́ọ̀nù sómi kò sọ ọ́ di mímọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Lórí tábìlì, wákàtí méjì ni ìpẹ̀kun. Bí ooru ibẹ̀ bá ti kọjá 32°C, wákàtí kan ni. Inú fíríìjì tó wà ní 4°C tàbí tó tutù jù bẹ́ẹ̀ ni kó ti máa rẹ, kì í ṣe lórí kọ́ńtà. Ẹ yọ èso kúrò kó tó pé wákàtí 24. Omi tó ṣẹ́ kù á ṣeé mu di ọjọ́ kejì sí ìkẹta nínú fíríìjì náà. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti bàrà kì í dúró tó bẹ́ẹ̀, ṣúgà wọn pọ̀, wọn á sì tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Bí ó bá ń ru, bó bá ń fà, bí òórùn ọtí bá ń jáde, ẹ dà á nù láìtọ́ ọ wò.

Ohun èlò: gíláàsì tàbí irin tí kì í dógùn-ún. Ásíìdì máa ń yọ bàbà, idẹ àti alumíníọ̀mù sínú omi.

Ehín àti oògùn

Ara ehín tó le tó ń dán bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bí ohun tó yí i ká bá sọ̀ kalẹ̀ ju nǹkan bíi pH 5.5 lọ. Oje lẹ́mọ́ọ̀nù wà láàárín 2 sí 3, omi tó là á sì ń gbé e sókè díẹ̀, kì í mú un dọ́gba. Nítorí náà, ife kan tí ẹ mu tán nídìí oúnjẹ kò le tó ìgò kan tí ẹ ń tọ́ díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ fi omi lásán yọ́ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má sì fọ ehín lójú ẹsẹ̀, ẹ dúró fún wákàtí kan. Kùkúḿbà àti mínǹtì kò ní wàhálà yìí, àwọn ni mo fẹ́ràn fún ìgò tó ń bá ènìyàn rìn kiri.

Gíréèpù ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ní 1989, àwọn olùwádìí ní Kánádà tí wọ́n ń yẹ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wò, felodipine, fi oje gíréèpù bo adùn ọtí tí wọ́n fẹ́ dán wò pẹ̀lú rẹ̀. Oògùn náà wá pọ̀ lọ́nà òdì nínú ẹ̀jẹ̀. Èso náà ló ń dí ẹ́ńsáìmù tó yẹ kó fọ́ oògùn náà lọ́wọ́. Oògùn púpọ̀ ló ti wọ àkójọ àwọn tí gíréèpù ń dà láàmú láti ìgbà yẹn, pẹ̀lú simvastatin tí wọ́n ń lò fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn lójoojúmọ́, kó bi apòògùn rẹ̀ léèrè kó tó sọ gíréèpù di ohun àṣàmu. Ìsápá náà lè mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti aboyún, kí wọ́n béèrè pẹ̀lú. Bí ara kan bá kọ ìyẹ̀fun òdòdó, kamomáìlì lè yọ ọ́ lẹ́nu.

Ní ti èso tó kù nínú jọ́ọ̀gù, ẹ lè bu omi mìíràn sí i lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ kan náà, nínú fíríìjì. Ó máa fúyẹ́ sí i, nítorí òórùn tó wà lójú ti lọ. Ìgbà kẹta kò wúlò fún ohunkóhun. Ẹ lè jẹ èso náà bí kò bá tíì pẹ́, ibẹ̀ ni okùn àti púpọ̀ nínú fítámì rẹ̀ wà. Òdòdó, ẹ dà á síbi tí ẹ ń kó ìdọ̀tí oko sí.